Ìbọn ìléwọ́ olówó gọbọi: èyí tó tó owó rẹ̀, àti èyí tó jẹ́ pé àpótí ni wọ́n tà fún mi

Ẹni tí iná jó rí ló ń bá yín sọ̀rọ̀ iná, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ní 2018 mo san 2,195 dọ́là lórí ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Owó orí ọjà ní Houston níbí jẹ́ ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ló sọ ọ́ di 2,376 dọ́là àti sẹ́ńtì 9 kí n tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Irú 1911 ni, ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà, èyí tó ń lo ọta .45 (ìbú ọta ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe iye rẹ̀), wọ́n ṣe é fún ìrántí ogun kan. Inú àpótí igi ló wà, wọ́n fi àrán pupa tẹ́ inú àpótí náà, ìwé ẹ̀rí kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ tó sọ pé tèmi ni nọ́ńbà 212 nínú 500.

Àgbàlagbà òyìnbó tó tà á fún mi bọ̀wọ̀ fún mi títí. Ó ní irú èyí kì í wálẹ̀, òkè ni iye rẹ̀ máa ń lọ, pé ọmọ mi ni yóò jogún rẹ̀. Mi ò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún mi, mo rò pé òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Èmi tó yẹ kí n mọ̀ ni mo fojú fò ó.

Ìdí tó fi yẹ kí n mọ̀ ni pé inú àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, ní Ṣakí. Bàbá mi ń rọ ọkọ́, ó ń rọ àdá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń mú owó gidi wọlé ni ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ máa ń gbé wá fún àtúnṣe. Èmi ni mò ń fi ẹwìrì fẹ́ná. Lónìí, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni mo fi ń gé irin ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fáàfù fún àwọn elépo rọ̀bì. Láti ìdí ẹwìrì títí dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń fọwọ́ pa irin lára. Ẹni tó bá gbé irin lé mi lọ́wọ́, mo lè sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ kó tó dé. Ṣùgbọ́n wúrà ń dán lójú mi lọ́jọ́ náà, àrán pupa náà sì rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣí àpótí, tí mò ń wò ó, tí mò ń pa á dé. Alẹ́ Sátidé kan ni mo wá mú awò kékeré tí mo fi ń yẹ irin wò níbi iṣẹ́ jáde, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, mo gbé e lé òdòdó tí wọ́n fín sára ìbọn náà. Irin tí ọwọ́ èèyàn fín, ojú ìlà rẹ̀ kì í dọ́gba. Ibi tí irin ìfín ti wọlé máa ń tinrín, àárín á jinlẹ̀, ibi tó ti jáde á tún tinrín. Ẹ̀gbẹ́ kan á máa dán ju ìkejì lọ nítorí pé ọwọ́ tẹ irin ìfín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Èyí tí mò ń wò yìí, ìlà gbogbo ló jìn bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìsàlẹ̀ wọn rí ṣákaṣàka bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Ewé tó wà lápá ọ̀tún àti ewé tó wà lápá òsì kò fi fọ́nrán irun kan yàtọ̀ síra. Iná lésà ni. Ẹ̀rọ ló fín in, ẹ̀rọ kan náà tó lè fín orúkọ sára kọ́ọ̀bù ayẹyẹ ọjọ́ ìbí.

Wúrà ọ̀hún ńkọ́? Wúrà ni, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n rẹ ẹ́ lé ara irin, débi pé níbi tí etí àpótí ti ń ha á, funfun irin ti ń yọjú. Mo wá tú ìbọn náà palẹ̀ lórí tábìlì ìdáná. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan inú rẹ̀. Àmì ọ̀bẹ ẹ̀rọ ṣì wà lára irin bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, ẹ̀gbẹ́ ibì kan sì mú débi pé ó ha mí ní àtàǹpàkò. Irú ìbọn kan náà gan-an, láìsí òdòdó, láìsí àpótí, 800 dọ́là ni wọ́n ń tà á lórí àtẹ tí mo ti rà á. Agbádá olówó ni wọ́n wọ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn 1,395 dọ́là tó kù, igi, àrán, bébà àti wúrà tí èékánná lè ha kúrò ni mo fi rà.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà 212 nínú 500 yìí ló tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló ní kí wọ́n dúró sí 500? Àwọn náà ni. Bí 500 yẹn bá tán, wọ́n á gbé 500 mìíràn jáde fún ogun mìíràn, fún ìpínlẹ̀ mìíràn, fún akọni mìíràn. Ohun tó mú kí ìbọn àtijọ́ wọ́n ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣòfò: òmíràn dípẹtà, òmíràn bọ́ sódò, ọlọ́pàá gba òmíràn wọ́n sì yọ́ ọ, wọ́n lo òmíràn títí tó fi gbó. Ìwọ̀nba tó kù la ń jà sí. Àwọn 500 tèmi yìí, gbogbo wọn pátá ló wà nínú àrán pupa, ara wọn le koko, wọn ò ní kú láéláé. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ rà, 499 yòókù ti wà lórí ìlà.

Ní 2022 mo gbé e lọ tà. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù náà yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, “Ṣé ẹ ti yìn ín rí, sà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, páálí ọta kan péré, àádọ́ta. Ojú ẹ̀ fà ro bí ẹni tí mo túfọ̀ fún. Ó ní ká ní mi ò yìn ín ni, ì bá sàn. Mo bi í pé kí ni èèyàn ń fi ìbọn ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Nígbà tí wọ́n yọ ìdá tiwọn tán, 1,150 dọ́là ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Kí n tó tà á, mo ti fi han àbúrò bàbá mi lórí fídíò WhatsApp. Àwọn ṣì wà nídìí owú ní Ṣakí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wọ́n ní kí n gbé e sún mọ́ fóònù. Wọ́n wò ó títí.

“Àjàní, èyí ò ha jẹ́ ẹ̀gbà ọrùn? Ìyàwó rẹ ló yẹ kí o fún.”

“Ìbọn ni, Bàbá.”

“Mo rí i pé ìbọn ni. Kí ni o fi ń pa?”

“Mi ò fi pa nǹkan kan, sà.”

Wọ́n ní kí n kí àwọn ọmọ.

Mi ò ní tìtorí èyí sọ pé kò sí ìbọn tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tó níye lórí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1970, Elvis Presley, gbajúmọ̀ olórin nì, lọ kí Nixon, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ní White House. Ẹ̀bùn tó gbé dání ni ìbọn ilé iṣẹ́ Colt tó ń lo ọta .45 tí wọ́n ṣe fún ìrántí Ogun Àgbáyé Kejì, inú àpótí ló wà, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ìbọn náà wà ní ilé ìkàwé Nixon ní Yorba Linda ní California títí dòní. Àwọn mìíràn tí wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀ wà káàkiri Amẹ́ríkà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn bàbá àgbà, ìwé ẹ̀rí wọn pé, àpótí wọn pé. Ọwọ́ Elvis ni wọn ò ní.

Ẹ tún wo ti Pat Garrett, agbófinró ayé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Ìbọn Colt tó fi pa ọ̀daràn olókìkí tí wọ́n ń pè ní Billy the Kid ní Fort Sumner, New Mexico, ní 1881, ni wọ́n tà ní gbàǹjo Bonhams ní Los Angeles ní oṣù Kẹjọ 2021. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Mo wo fọ́tò rẹ̀ bí ẹni ń wo ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Kò sí òdòdó, kò sí wúrà, irin gbẹrẹfu tí wọ́n ti lò ni. Bí ẹnì kan bá fi wúrà rẹ ìyẹn lónìí, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ní òdì kejì, àwọn Cabot Guns ní Pennsylvania fi òkúta Gibeon, irin ojú ọ̀run tó já sí Namibia láyé àtijọ́, gbẹ́ ìbọn ìléwọ́ méjì, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Iye tí wọ́n dá lé méjèèjì tó 4.5 mílíọ̀nù dọ́là. Èyí náà mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ṣakí. “Edùn àrá ni wọ́n fi ṣe ìbọn?” ni àbúrò bàbá mi wí. “Ṣé wọ́n bi Ṣàngó?” Mi ò ní sọ̀rọ̀ ju ìyẹn lọ lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ti àwọn ìbọn tí owó wọn wà nínú iṣẹ́, tí wúrà ò sí lára wọn. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ìjọ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, oníṣègùn eyín, tó máa ń lọ sí ìdíje ìbọn yínyìn lóṣooṣù. Ìbọn 1911 ti ilé iṣẹ́ Nighthawk ni wọ́n ń lò, 3,900 dọ́là ni wọ́n san. Berryville ni wọ́n ti ń ṣe é, ìlú kékeré kan ní Arkansas. Ìlú yẹn náà ni Bill Wilson ti bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ìbọn tirẹ̀, Wilson Combat, ní 1977, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìdílé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n sì ń tún aago ṣe. Aago ló kọ́kọ́ kọ́ kó tó dórí ìbọn, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ní ti Nighthawk, ẹnì kan ṣoṣo ló ń to ìbọn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n fa òkè rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ bá mi rántí dúróà kan tí káfíńtà àtijọ́ kàn, èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá tì í wọlé, atẹ́gùn inú rẹ̀ á rọra ti dúróà kejì jáde. Bó ṣe rí nìyẹn. Mo mì ín létí mi, kò dún rárá. 1911 lásán, bí ẹ bá mì ín, á dún kẹrẹkẹrẹ bí ṣẹ́kẹ́rẹ́ tó já ìlẹ̀kẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn bú u. John Moses Browning tó ṣe é fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọta ni wọ́n yìn láti ẹnu rẹ̀ tí kò kọṣẹ́. Bó bá gbóná ju, omi ni wọ́n ń rì í bọ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1911 ni wọ́n gbà á, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ó sì wà lọ́wọ́ wọn títí di 1985. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín àwọn irin rẹ̀ ló jẹ́ kí iyanrìn rí ọ̀nà gbà. Àwọn ará Berryville ń fi ọwọ́ dí àyè yẹn kí ọta lè máa bọ́ sójú kan náà. Iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni, ohun tí 3,900 dọ́là ń san fún nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wá tú igi ẹ̀kù rẹ̀ fún mi láti wò. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí bí ìbọn bá wà ní títò, ẹni tó ṣe é lu lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi náà máa ń gé ojú mẹ́ta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ ìdí ṣakabùlà tí wọ́n bá tún ṣe. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ìdí tí wọn kì í fi í sí ojú ibi tí aráyé á ti rí i. Wọ́n ní ọdẹ kọ́ ló ni àmì náà. Bí ìbọn náà bá ya lọ́dún márùn-ún sí i, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ló ṣe é.

A jọ lọ yìn ín. Ní yáàdì 15, ọta mẹ́wàá láti inú ìbọn ìléwọ́ Glock 19 tèmi fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mẹ́wàá láti inú ti ẹ̀gbọ́n kó ara wọn jọ sójú tí ọsàn kan lè bò. Ìyàtọ̀ yẹn hàn kedere. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n fi Glock tèmi yìn mẹ́wàá tiwọn, tiwọn náà kéré ju tèmi lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí èmi fi Nighthawk yìn. Mo yáa mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí. Glock yẹn, 540 dọ́là ni mo rà á. Ó burẹ́wà bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kùn ní dúdú, ike ni ìdí rẹ̀, ọta 15 ló ń gbé, mo sì ti yin bíi 3,000 láti inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó há rí. Òun ló ń ṣọ́lé. Fún ẹ̀gbọ́n tó ń lọ sí ìdíje, tí íǹṣì kan ń gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn, 3,900 dọ́là kò pọ̀. Fún èmi, ó pọ̀. Ká fún mi ní 3,360 dọ́là tó wà láàárín méjèèjì, owó olùkọ́ àti ọta ni mo máa fi ṣe, ọwọ́ mi á sì yẹ ọwọ́.

Èyí tí mo wá rà, tí mi ò kábàámọ̀, ni Colt Python, ọlọ́ta mẹ́fà, èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí. Ní 1955 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, 125 dọ́là ni. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ní Hartford, Connecticut, ló ń fi ọwọ́ to inú rẹ̀, tí wọ́n ń dán irin rẹ̀ títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń jinlẹ̀ bí aró tí aláró rẹ léraléra. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn náà ló dá a dúró. Owó oṣù àwọn àgbà wọ̀nyẹn ga, àwọn tó lè rọ́pò wọn ò tó nǹkan, nígbà tó sì fi di 2005 wọn ò ṣe é mọ́. Oṣù Kìíní 2020 ni wọ́n tún gbé e padà, irin tí kì í dípẹtà, iye tí wọ́n fi lé e jẹ́ 1,499 dọ́là. Tèmi, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní íǹṣì 4.25, 1,550 ni mo rí i rà ní 2021, torí gbogbo ayé ló ń wá a nígbà náà.

Àwọn kan ń ṣàròyé pé ẹ̀rọ ló ṣe tuntun yìí, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ̀rọ ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo fi abẹ irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ilé ọta àti ọ̀pá ìbọn náà, lójú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni ní ihò márùn-ún. Ìkẹfà jẹ́ márùn-ún ó lé díẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá gbé irú iṣẹ́ yẹn wá fún mi, mo máa ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Bí mo bá fi ìka fa irin tó ń yin ìbọn náà láìkọ́kọ́ gbé òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, agbára tí fífà náà ń gbà tó páùn mẹ́sàn-án, àmọ́ ó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí okùn tí wọ́n fà jáde láti inú òróró, kò rin kinkin níbì kankan títí tó fi bú. Ẹ̀rọ tó gé e yìí ṣe ohun tí ọwọ́ àwọn àgbà Hartford ń ṣe. Ti lésà tó fín òdòdó sí ìbọn wúrà mi, ṣe ló ń sín ọwọ́ jẹ.

Mi ò ní ṣàì sọ àléébù rẹ̀. Ó wúwo, àáǹsì 42 láìtíì kó ọta sí i. Ẹ ò lè so ó mọ́ ìbàdí lóòrùn Houston kí ẹ má bínú. Igi ẹ̀kù tí wọ́n fi sí i ń yọ̀ bí ọwọ́ bá làágùn, 60 dọ́là ni mo fi ra rọ́bà tó rọ́pò rẹ̀. Ọta .357 Magnum rẹ̀ wọ́n ju ti Glock lọ dáadáa, ọta .38 Special tó rọjú díẹ̀ ni mo ń yìn láti inú rẹ̀, ó ń gba méjèèjì.

Owó tí kò sí lórí àmì ọjà náà tún wà. Ìbọn 4,000 dọ́là ò ṣeé jù sí dúróà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òfin Texas lè mú ẹni tó bá fi ìbọn tó ní ọta nínú sílẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 lè ti mú un, àwa náà sì ní òwe tiwa pé a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Séèfù tí mo rà, 700 dọ́là. Ẹ tún yẹ ìwé adójútòfò ilé yín wò: nínú tèmi, bí olè bá kó gbogbo ìbọn ilé, 2,500 dọ́là ni wọ́n máa san pátápátá, àyàfi bí mo bá san àfikún. Ìyá àwọn ọmọ mi ń wò mí bí mo ṣe ń ṣí séèfù, bí mo ṣe ń nu òróró, bí mo ṣe ń fi aṣọ rírọ̀ wé e. Wọ́n ní, “Bàbá Délé, ìbọn lẹ rà ni, àbí ẹ ti gbé ìyàwó kejì wọlé?”

Ọ̀rọ̀ ogún tí àgbàlagbà yẹn sọ náà ò rí bó ṣe wí. Délé ò fẹ́ràn ìbọn, fọ́tò yíyà ló ń ṣe. Ilé ńkọ́? Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà fi ìbọn ìléwọ́ sí ara àwọn tí aráàlú ò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ. Ṣakabùlà tí bàbá mi tún ṣe lè wà ní Ṣakí, Python mi ò lè débẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì fẹ́ ra olówó ńlá, ẹ mú awò dání lọ. Ẹ ní kí wọ́n tú u palẹ̀ lójú yín, kí ẹ wo inú kí ẹ tó wo ìta. Ẹ bi wọ́n léèló ni irú rẹ̀ tí kò ní òdòdó, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n pè, ẹ ó rí iye tí àpótí jẹ́. Ẹni tí kò bá sì jẹ́ kí ẹ tú u, ẹ dágbére fún un.

Èmi náà ò tíì bọ́. Python àtijọ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi, aláwọ̀ aró, 3,200 dọ́là ni wọ́n pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ wò ó. Aró ara rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé mo ń rí irun imú mi nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì fi àtàǹpàkò kan ilé ọta rẹ̀ láti yí i, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún.

“Jọ̀wọ́ sà, ẹ má yí i,” ló wí. Ó ní wọn ò tíì yìn ín rí láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Hartford, pé bí mo bá yí i, irin tó ń dá a dúró á fa ìlà yíká ara rẹ̀, ìlà yẹn á sì jẹ nínú owó.

Mo ní, “Ṣé bí mo bá rà á, mo lè yí i?”

Ó ní, “Bí ẹ bá rà á, tiyín ni. Ṣùgbọ́n èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.”

Mo dá a padà fún un. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, bí ẹni ń gba ọmọ tuntun, ó sì nu ibi tí àtàǹpàkò mi kàn.